Ìdí Igi Mauser Tí Kò Ní Ìbọn: Ṣé Kí N Rà Á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Houston ni mo ń gbé. Mo rí àpótí igi kan níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ìbọn àtijọ́. Ó dà bí àpò ìbọn ìléwọ́, ó sì ní ìdérí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á ní ìdí ìbọn Mauser ayé ọjọ́un ni, pé wọ́n máa ń fi irin ẹnu rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ìbọn náà kí wọ́n lè gbé e lé èjìká. Nọ́ńbà wà lára irin náà. Ìbọn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, èmi náà kò sì ní ìbọn kankan. 650 dọ́là ló pè é. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ojúlówó ni? Ṣé òfin gbà mí láyè láti ní in? Mo tún fẹ́ gbé e han bàbá mi nígbà tí mo bá ń lọ sílé ní Kérésì, torí iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì sanwó. Mi ò sọ pé ọjà náà kò dára. Nọ́ńbà tó wà lára irin yẹn ló máa sọ iye tó tọ́ kí o san, o kò sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ. Nínú iṣẹ́ kíkó ìdí ìbọn jọ yìí, irin ni a ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà la tó ń wo igi. Igi dídán máa ń tètè wọ èèyàn lójú, pàápàá ọmọ káfíńtà, àwọn tó ń ta ayédèrú náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí o rí, bí olówó rẹ̀ bá sọ òótọ́, ìdí ìbọn Mauser C96 ni. Ìlú Oberndorf lẹ́bàá odò Neckar ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe ìbọn náà. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta kan tí wọ́n ń jẹ́ Feederle, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Mauser, ló ronú rẹ̀, ọdún 1896 ló sì bọ́ sọ́jà. Tí o bá yí ìbọn náà sẹ́yìn, wàá rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n là sí ẹ̀yìn ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Irin tó wà ní imú àpótí igi yẹn ló ń wọ inú ihò náà, á ró “kà” nígbà tó bá wọlé tán, bọ́tìnì kékeré kan tó wà lára irin náà ló sì ń tú u sílẹ̀. Igi walnut ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ kí ìbọn lè wọlé kí ó sì dúró sójú kan. Tí ọmọ ogun bá yọ ìbọn jáde tán, á pa ìdérí dé, á kọ́ ẹnu tín-ín-rín àpótí náà mọ́ ẹ̀yìn ìbọn, ìdérí yẹn gan-an ni yóò sì sinmi lé èjìká rẹ̀. Àpò kan náà tó fi ń gbé ìbọn kiri ló tún sọ ìbọn ọ̀hún di ìbọn gígùn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wàhálà bẹ́ẹ̀? Wo àmì tí wọ́n kọ sára irin tí wọ́n fi ń wo ọ̀kánkán lórí ìbọn náà. Lára ọ̀pọ̀ C96, àmì yẹn dé 1,000 mítà. Kò sí ẹni tó lè na apá kan ṣoṣo kí ó fi ìbọn ìléwọ́ ba nǹkan tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdí igi bá ti wà léjìká, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fara ti i, tí ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ìbọn á dákẹ́ jẹ́ẹ́. 1,000 mítà yẹn ṣì jẹ́ àsọdùn àwọn ọlọ́jà, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn díẹ̀ tí ìbọn ìléwọ́ lásán kò lè dé, ìdí igi á gbé e dé ibẹ̀.

Orílẹ̀-èdè tí àpótí igi yìí ti gbayì jù kì í ṣe Jámánì. Ṣáínà ni. Ní 1919, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fẹnu kò pé àwọn kò ní ta ohun ìjà ogun fún Ṣáínà mọ́, nítorí àwọn ọ̀gágun ibẹ̀ ń bá ara wọn jà lọ́tùn-ún lósì. Ìbọn ìléwọ́ ṣì ń rí ọ̀nà gbà wọlé, ìbọn ìléwọ́ tó sì lè di ìbọn gígùn lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ọ̀gágun ń wá. Bí C96 ṣe kún Ṣáínà nìyẹn. Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ sọ ìbọn náà pàápàá, ara àpótí igi yẹn ni wọ́n ti mú un. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ Spéènì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ fún ọjà náà, Astra ní Guernica àti Beistegui Hermanos ní Eibar. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn náà ṣe tiwọn, èyí tó lókìkí jù nínú rẹ̀ sì ni ti Taiyuan ní ìpínlẹ̀ Shanxi, tó ń yin ọta .45. Ó sanra ju ti Mauser lọ, àpótí rẹ̀ náà sì tóbi jù.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé láàárín 1980 sí 1989, àwọn oníṣòwò kó ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ láti Ṣáínà wá sí Amẹ́ríkà, òmíràn ti gbó, òmíràn ti dógùn-ún. Nítorí náà, àpótí tí o rí ní Houston lè ti Oberndorf wá, ó lè jẹ́ ti Spéènì, ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kan ní Ṣáínà ní nǹkan bí 90 ọdún sẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ àdàkọ tuntun tí wọ́n ṣe fún àwọn olùkójọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní iye tirẹ̀. Ó dùn mọ́ mi láti ní èyí tó wá láti Ṣáínà, àní bó ti lẹ̀ fọ́ níbi méjì, ju àdàkọ tó ń dán gbinrin lọ.

Ó yá, jẹ́ ká wá sórí irin.

Lára ojúlówó ti Mauser, nọ́ńbà tó wà lára ìbọn ni wọ́n máa ń lù sára irin ìdí rẹ̀, kí igbá má bàa ṣìnà kúrò lọ́dọ̀ ọmọrí. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá ṣe ọ̀kan, owó orí wọn máa ń fò sókè gan-an. Ibẹ̀ ni jìbìtì ti ń wọlé. Ẹni tó ní ìbọn láìní ìdí á wá ìdí kan tó ti pínyà pẹ̀lú ìbọn tirẹ̀, á fi fáìlì ha nọ́ńbà rẹ̀ kúrò, á lu nọ́ńbà tó fẹ́ síbẹ̀, á sì fi oògùn dá àwọ̀ irin náà padà. Mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá dání, kí o sì gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ irin náà, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rá kọjá lórí rẹ̀. Má ṣe tàn án sí i lókè tààrà. Ojú irin tí wọ́n ti ha á máa ń jìn wọnú díẹ̀. Ojú lásán lè má rí i, ṣùgbọ́n òjìji á hàn níbi tí ó ti jìn. Wo inú nọ́ńbà fúnra rẹ̀: èyí tó ti pẹ́ lára irin, inú rẹ̀ á dúdú bí ara irin yòókù, etí rẹ̀ á sì ti kú nítorí ọwọ́ àti awọ tó ti ń ra á láti ọdún pípẹ́. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, etí rẹ̀ á mú, ó lè yọ sókè bí o bá fi èékánná họ ọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì lè ṣì máa tàn. Fi ọwọ́ kan án. Èékánná rẹ á sọ ohun tí ojú rẹ kò rí.

Nǹkan kan wà tó gbè ọ́. Nígbà tí kò sí ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn, kí ni oníjìbìtì á fi nọ́ńbà irọ́ ṣe? Ìdí tó dá wà, tó ní nọ́ńbà tí kò bá nǹkan kan mu, kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n ti fọwọ́ tẹ̀. Àwọn olùkójọ kan máa ń yẹra fún irú rẹ̀, wọ́n á ní kò pé. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Ìdí tó gbé nọ́ńbà tirẹ̀ láìsí àtúnṣe ń sọ ìtàn ara rẹ̀: ó ní ìbọn kan tó bá a jáde ní Oberndorf lọ́jọ́ kan náà, ogun tàbí ọjà sì ti pín wọn níyà. Kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Àwọn kan lára wa máa ń tọ́jú nọ́ńbà ìdí tó dá wà, a sì máa ń bi ara wa léèrè. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ìbọn àti ìdí rẹ̀ ń tún padà bára pàdé, ó sì máa ń dùn mọ́ gbogbo wa nínú bí ẹni pé tiwa ni.

Nọ́ńbà náà tún lè tọ́ka sí ìgbà tí wọ́n ṣe é, nítorí pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni nọ́ńbà ń ga lára C96 tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra níbi kan. Ní 1916, nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ gbóná tí ìbọn Luger, ìbọn ìléwọ́ Jámánì mìíràn, kò tó fún àwọn ọmọ ogun, ìjọba Prussia ní Jámánì ní kí Mauser ṣe 150,000 C96 tó ń yin ọta mìlímítà 9. Nǹkan bí 137,000 ni wọ́n rí ṣe kí ogun tó parí. Nọ́ńbà tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, lọ́tọ̀. Wọ́n gbẹ́ 9 ńlá sára igi ọwọ́ ìbọn náà, wọ́n kùn ún ní pupa, kí ọmọ ogun má bàa ki ọta tí kò yẹ bọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí o bá rí nọ́ńbà tó kéré lára irin ìdí, ó lè jẹ́ ti ayé àtijọ́, ó sì lè jẹ́ ti ọdún ogun. Nọ́ńbà nìkan kò ní dá a lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn irin, ṣí ìdérí. Inú àpótí ni kí o wò dáadáa, nítorí àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń fi gbogbo agbára wọn ṣe ìta. Bí ìbọn bá ti ń wọlé tó ń jáde nínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ibi tí ẹnu ọ̀pá ìbọn ti ń kan ìsàlẹ̀ á ti jẹ díẹ̀, ibi tí òòlù ìbọn ti ń fara ra igi á ní ojú àpá tó dán, òróró ìbọn á sì ti mu wọnú igi ní àwọn ibi kan títí igi fi dúdú. Àpá wọ̀nyí kì í tò lọ́gbọọgba. Àdàkọ tuntun, àwọ̀ kan náà ni inú àti ìta rẹ̀ máa ń ní, torí pé wọ́n rì í sínú ọ̀dà ni, tàbí kí inú rẹ̀ funfun bí igi tí ayùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára rẹ̀. Fi imú rẹ sí i. Òróró àtijọ́ àti eruku ní òórùn tiwọn, fáníṣì tuntun náà ní tirẹ̀.

Pe bàbá rẹ lórí fídíò nígbà tí o bá ń wò ó. Mo sọ èyí tọkàntọkàn. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbẹ́ igi mọ ohun tí igi ń ṣe tó bá ti lé ní 100 ọdún: ó ń sún kì, irin kì í sún kì. Ní ojúlówó, ibi tí irin ti bá igi pàdé, wàá rí i pé irin ti yọ díẹ̀ ju igi lọ ní apá kan, ó sì bá a dọ́gba ní apá kejì, torí pé igi kì í sún kì bákan náà ní gígùn àti ní ìbú. Bí irin bá yọ yí ká lọ́gbọọgba, ẹnìkan ti fi ìwé ìyẹ̀pá (sandpaper) fá igi náà láti mú un dán. Àwọn igun rẹ̀ á ti di roboto, òǹtẹ̀ tó bá wà lára igi á sì ti fẹ́ẹ̀ parẹ́. Ó ṣì jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n wọ́n ti fá ìdajì ìtàn rẹ̀ dànù, kò sì yẹ kí o san owó odindi. Wo ojú skúrù náà. Bí ihò orí rẹ̀ bá ti fẹ̀ tàbí tó ti ya, ẹni tí kò ní irinṣẹ́ tó tọ́ ti tú u rí, kí o sì bi ara rẹ pé kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Igi máa ń là ní ọrùn, ibi tó tín-ín-rín jù lẹ́bàá irin, àti ní ìdí hínjì ìdérí. Ìlà díẹ̀ kò pa á lára. Bí o bá rí ibi tí wọ́n ti fi wáyà tàbí ìṣó kékeré dè é nígbà àtijọ́, má ṣe jẹ́ kí ó bí ọ nínú, má sì ṣe tún un ṣe. Ọmọ ogun kan ló ṣe bẹ́ẹ̀ kí ìbọn rẹ̀ má bàa jábọ́. Gulúù tuntun tó ń dán ló yẹ kí o bẹ̀rù, torí ohun tó lè wà lábẹ́ rẹ̀. Awọ tí wọ́n fi ń so àpótí náà mọ́ ìgbànú kì í sábà kù mọ́. Bí ti èyí bá ṣì wà, tó sì ti gbó bákan náà pẹ̀lú igi, ọjà ńlá ni.

Ọ̀rọ̀ òfin kàn. Lójú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ìdí igi tó dá wà láìsí ìbọn kì í ṣe ìbọn. O lè rà á, kí o gbé e sínú àpótí dígí nínú pálọ̀. Ọjọ́ tí o bá ra ìbọn tó lè gbà á ni ọ̀rọ̀ á yí padà. Òfin National Firearms Act ti 1934 ka ìbọn tó ní ìdí èjìká, tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó íńṣì 16 tàbí tí gbogbo gígùn rẹ̀ kò tó íńṣì 26, mọ́ ìbọn gígùn tí wọ́n gé kúrú, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìjọba. Ọ̀pá C96 kò ju nǹkan bí íńṣì 5 àbọ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n bá ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ láìsí ìwé lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10.

Àánú wà níbẹ̀ fún àwa olùkójọ. ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, ti yọ àwọn kan kúrò lábẹ́ òfin yẹn nítorí pé ohun ìtàn ni wọ́n: C96 pẹ̀lú ìdí igi irú tirẹ̀, Luger àwọn ọmọ ogun ojú omi àti Luger àwọn oníbọn ńlá pẹ̀lú pákó tiwọn tó dúró fún ìdí igi, àti àwọn ìbọn ìléwọ́ Browning kan, lára wọn ni èyí tí ilé iṣẹ́ Inglis ní Toronto ṣe fún Ṣáínà nígbà ogun àgbáyé kejì. Àdàkọ ìdí tó bá jọ ti àtijọ́ dáadáa náà wà lábẹ́ ìyọ̀ǹda yìí. Ṣùgbọ́n ìbọn àti ìdí tó bá a tan nìkan ni ìyọ̀ǹda náà wà fún. Jẹ́ kí n fi Luger ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti kó sí wàhálà. Luger àwọn oníbọn ńlá, tí ìjọba gbà wọlé ní 1913, ní ọ̀pá tó gùn ní mìlímítà 200, àmì ọ̀kánkán tó dé 800 mítà, àti ìkọ́ irin kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ tí pákó ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ Luger P08 lásán, tí ọ̀pá wọn kúrú, náà ní irú ìkọ́ yẹn. Nítorí náà, pákó náà á wọ̀ ọ́ wẹ́kú, òfin kò sì gbà á. Ẹni tó ra pákó lóṣù yìí tó sì ra P08 lásán lóṣù tó ń bọ̀ ti fi owó ara rẹ̀ ra ẹjọ́, àní bí kò bá tíì so wọ́n pọ̀ rárá. Kí o tó ra ìbọn èyíkéyìí, ka àkójọ tí ATF gbé jáde fúnra rẹ, kí o sì bi agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìpínlẹ̀ rẹ, nítorí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Fún àwọn tó ń kà á ní Lọ́ńdọ̀nù: òfin 1997 ti fòfin de ìbọn ìléwọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó sẹ̀ntímítà 30 tàbí tí gígùn rẹ̀ kò tó 60, wọn kì í sì í ka ìdí yíyọ mọ́ gígùn náà.

Nípa gbígbé e lọ sí Ìbàdàn, má ṣe é. Òfin ìbọn Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, fi gbogbo ìbọn ìléwọ́ sínú ìsọ̀rí àwọn tí a kà léèwọ̀, títí kan ti àtijọ́ tó ń fi òkúta ṣáná. Ààrẹ nìkan ló lè fúnni níwèé àṣẹ lórí wọn. Òfin kan náà ka ẹ̀yà ara ìbọn mọ́ ìbọn. Ìwọ lè mọ̀ pé igi lásán ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá ọ dúró ní pápákọ̀ òfurufú kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ nípa Oberndorf. Gbígbé e kúrò ní Amẹ́ríkà pàápàá ní òfin tirẹ̀. Ya àwòrán rẹ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, inú àti ìta, wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, tẹ àwòrán náà sórí bébà ńlá, kí o gbé ìyẹn lọ fún bàbá. Wọ́n á rí ju ohun tí èmi ń sọ yìí lọ nínú rẹ̀.

O kò bi mí léèrè nípa èyí tó kàn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó bá ra ọ̀kan kì í dúró síbẹ̀. Má sáré lọ sórí pákó Luger. Pẹpẹ ni pákó náà, kò ní inú tí wọ́n gbẹ́, ìbọn rẹ̀ nínú àpò awọ tí wọ́n so mọ́ ọn ló ń gbé. Nítorí náà, ó rọrùn fún káfíńtà èyíkéyìí láti ṣe irú rẹ̀, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ jọjọ. Nínú irin rẹ̀ nìkan ni wàá ti rí òótọ́, o kò sì tíì ní ojú fún un. Ti àwọn ọmọ ogun ojú omi, ti 1904, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé owó rẹ̀ wọ́n ju ti àwọn oníbọn ńlá, àwo irin roboto tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ara rẹ̀ láti kọ nọ́ńbà ẹgbẹ́ ọmọ ogun sí sì rọrùn láti ṣe ayédèrú rẹ̀.

Ìdí ìbọn Amẹ́ríkà ti ayé Samuel Colt ni mo fẹ́ kí ojú rẹ wà lára rẹ̀. Colt gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí ìdí yíyọ tirẹ̀ ní 1859, ó sì ṣe oríṣi kan tí inú rẹ̀ ṣófo tí wọ́n fi ìgò irin sí, kí ẹlẹ́ṣin lè máa gbé omi mímu rẹ̀ sínú ìdí ìbọn. Àwọn ọmọ ogun máa ń gba ìbọn méjì sí ìdí kan ṣoṣo. Láti 1855 dé 1857, ilé iṣẹ́ ìjọba ní Springfield, Massachusetts, ṣe ìbọn ìléwọ́ ńlá kan tó ń yin ọta .58, 4,021 péré ni wọ́n ṣe, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdí tirẹ̀ tó ní ohun èlò idẹ. Orí ẹṣin, ìbọn ìléwọ́ ni. Bí ẹlẹ́ṣin bá sọ̀ kalẹ̀, á so ìdí mọ́ ọn. Òfin 1934 kò sì di irú àwọn ìbọn wọ̀nyí mú, torí pé ẹ̀tù àti fìlà ìbọn (percussion cap), ohun kékeré tí òòlù ìbọn ń lù kí ẹ̀tù lè gbiná, ni wọ́n ń lò, ohun àtijọ́ pátápátá ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ní ìbọn àti ìdí rẹ̀ papọ̀ láìsí ìbẹ̀rù, ibẹ̀ ló yẹ kó lọ, bí owó bá tó.

Bí o bá ra àpótí yìí, má ṣe fi fáníṣì kùn ún, má sì fi ìwé ìyẹ̀pá tàbí irun irin (steel wool) fá a. Aṣọ rírọ̀ tó gbẹ ni kí o fi nu eruku rẹ̀. Fi òróró ìbọn díẹ̀ sára irin nìkan, kí o sì máa fi ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa igi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Má jẹ́ kí awọ wà lára irin fún ìgbà pípẹ́, torí awọ máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, irin á sì dógùn-ún láìjẹ́ kí o mọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin Houston kì í ṣeré, nítorí náà pálọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni kí o gbé e sí. Má gbé e sí gáréèjì.

Ní ti 650 dọ́là: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ ti àtijọ́ láìsí àpá fáìlì, tí inú rẹ̀ ní àpá ìbọn bí mo ṣe ṣàlàyé, tí bọ́tìnì irin rẹ̀ ṣì ń ta padà tí o bá tẹ̀ ẹ́, owó náà kò burú, o sì lè dúnàá-dúrà kí ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá ti fá a, dín in kù dáadáa tàbí kí o rìn kúrò. Bí àdàkọ bá ni, owó àdàkọ ni kí o san, kí ẹni tó ń tà á sì kọ ọ́ sórí risíìtì pé àdàkọ ni. Béèrè bóyá ó mọ ibi tí ó ti rà á. Bó bá sọ pé ìbọn rẹ̀ wà níbì kan tó sì bá nọ́ńbà náà mu, ní kó fi àwòrán ìbọn náà hàn ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó lọ síwájú. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú ọ, pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á lọ́la, jẹ́ kí ẹlòmíràn náà rà á. Fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi: ọ̀kan ti irin náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, ọ̀kan ti inú àpótí, àti ọ̀kan ti ibi tí irin ti wọ igi. Màá dá ọ lóhùn kí ọjà náà tó tú.